Àmín Tí Mo Ṣe Láti Ilé Ìdáná

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ tiwọn lórí Màmá Àgbà. Wọ́n ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni, wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo jókòó níwájú, mo ń wo pósí náà bíi pé Màmá Àgbà lè dìde jiyàn. Ta ni kò bá ẹnikẹ́ni jà? Màmá Àgbà tí mo mọ̀ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jà, wọ́n bá ìyá onílé jà, wọ́n bá òtútù Chicago pàápàá jà bí ẹni ń bá orogún jà. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí ohùn mi wà nínú ọ̀ràn náà.

Dọ́káàsì lorúkọ wọn. Àwọn ló bí Mọ́mì mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n wá bá wa ní Chicago, nítorí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Flossmoor lẹ́yìn ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò máa wà nílé pẹ̀lú mi. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn máa lò. Wọ́n lo ọdún méje, wọn kò sì dẹ́kun wíwọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru.

Bí wọ́n ṣe ń jà náà ni wọ́n ń parí ìjà. Wọ́n ní Bíbélì sọ pé kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú wa, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Nílé, oòrùn kì í tètè wọ̀, èèyàn á ti bínú dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Chicago, bó bá ti di oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin àbọ̀ kò ní lù kí òkùnkùn tó dé. Lọ́jọ́ kan, ìyá onílé gòkè wá, ó ní òórùn irú tí Màmá Àgbà fi ń se ọbẹ̀ ti gba gbogbo ilé. Màmá Àgbà fi Yorùbá bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n rí i pé oòrùn ti ń lọ, ni wọ́n bá sáré din dòdò, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ fún obìnrin náà. Obìnrin náà gbà á, ó ń dúpẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bá òun jà. Màmá Àgbà gòkè padà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní, "Oòrùn ìlú yìí kì í jẹ́ kéèyàn bínú tẹ́rùn."

Ẹ rántí oòrùn yẹn. Ọjọ́ kan wà tó wọ̀ tí wọn kò wo ojú fèrèsé.

Nílé, ìyá wọn ṣì wà láàyè, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Jòsáyà, àbúrò Màmá Àgbà kan ṣoṣo, ló ń tọ́jú ìyá náà. Kò sí fóònù nítòsí wọn, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Màmá Àgbà á sọ̀rọ̀ sínú rẹ́díò alákásẹ́ẹ̀tì wa, wọ́n á tún un gbọ́ láti rí i pé ó wọlé, wọ́n á wá fún ẹni tó bá ń lọ sílé. Àkókò tí wọ́n bá fẹ́ kí ìyá wọn ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á gbé rẹ́díò sórí àga, wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ káàsán o, ìyá mi." Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, mo ní, "Màmá, she can't see you." Wọ́n ní, "Ṣé ojú ni mo fi ń kí wọn ni?"

Kásẹ́ẹ̀tì Jòsáyà náà á dé. Ohùn wọn máa ń ki, ohùn ẹni tó ti mu sìgá púpọ̀. Níparí, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ń kí yín."

Alhaji Mùfú ló tú àṣírí náà, kì í sì ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ará ìlú wa ni, ó ń ta bàtà ní ilé ìtajà ńlá kan ní Schaumburg, ó sì máa ń lọ sílé lọ́dọọdún. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló tilé dé, ó wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà, ó ní, "Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á forí jin Màmá. Ọjọ́ á jìnnà síra wọn."

Màmá Àgbà ní, "Màmá wo?"

Alhaji gbójú sókè nílẹ̀ tó wà. Ó wo Mọ́mì, ó wò mí. "Ah. Màmá, sorry o. I thought... mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín ni."

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti sin ìyá náà. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì méjì ti wá láti ọwọ́ Jòsáyà, nínú méjèèjì ni wọ́n ti sọ pé Màmá ń kí yín. Màmá Àgbà náà sì ti fi méjì fèsì, lórí ìkúnlẹ̀.

A mọ ìdí tí Jòsáyà fi ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá Àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, àwọn ará ilé wa sì gbà pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Mọ́mì ṣàlàyé títí. Màmá Àgbà kò sunkún pàápàá, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, yìnyín ń bọ́ lóde, mo ń fọ abọ́ nílé ìdáná. Omi ń ṣàn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn àdúrà. Nínú ilé wa, bí àgbà bá ti ń gbàdúrà, àmín lèsì. Kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Nígbà tí ohùn wọn ròkè tó sì dúró, mo kígbe láti ibi tí mo wà pé, "Àmín!"

Mo nu ọwọ́, mo wọ pálọ̀. Màmá Àgbà kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n dúró gbagidi níwájú rẹ́díò, wọ́n sì ń tún kásẹ́ẹ̀tì gbọ́ bí ìṣe wọn. Mo gbọ́ ọ: "Jòsáyà, ẹnu tó o fi kí mi lórúkọ òkú, kí ohùn rẹ̀ kú. Kó o pè, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́." Lẹ́yìn náà ni àmín mi wọlé, ó dún ketekete.

Mo ní, "Màmá, please, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́. I didn't know. Mi ò mọ̀ pé èpè ni."

Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fi í sínú àpò ìwé. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣe àmín, èmi ò bẹ̀ ọ́."

Oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko títí arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi ń lọ sílé tí kásẹ́ẹ̀tì sì bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni mo bá Màmá Àgbà lórí ibùsùn wọn, tí wọ́n di ìrọ̀rí mú, tí wọ́n ń sunkún ìyá wọn. Ìbínú ti lọ. Ẹyin lohùn, gbogbo wa la ń pa á lówe, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ló ń tún fọ́.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ìyàwó Jòsáyà ló kọ ọ́, èmi ni mo kà á sókè. Ó ní ohùn bàbá ti lọ pátápátá. Ó ní àwọn dókítà rí nǹkan kan tó hù sí ọ̀nà ọ̀fun wọn. Ó tún ní, "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó ti rẹ́díò, tí wọ́n ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí a bá wọlé, wọ́n á pa á, wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé ohùn ẹ̀gbọ́n àwọn ni."

Màmá Àgbà ní, "Tún ibẹ̀ kà." Mo tún un kà. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́ nílé, ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ yẹn, bí aago bá ti ń lọ sí méjìlá ọ̀sán, Màmá Àgbà á pa iná ìdáná. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọwọ́ bo ọ̀fun ara wọn, wọn kò ní sọ̀rọ̀ títí aago kan á fi lù. Bí mo bá wà nílé, èmi náà ò lè jẹun. Mo mọ̀ pé níbì kan, ẹnìkan ń tẹ bọ́tìnnì, àmín mi sì tún ń jáde.

Mọ́mì bínú sí wa. "Màmá, it's a tumor. Sìgá ni! Ó pẹ́ tí Bọ̀dá Jòsáyà ti ń mu sìgá. Kì í ṣe èpè."

Màmá Àgbà ní, "Sìgá ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀."

Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń dúró sí. Nígbà tí a bá ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ohùn Màmá Àgbà máa ń borí ti gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, tí a bá ti dé ibi tí a ti ń sọ pé a gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ohùn náà á dá. Ètè wọn á pa dé. Tó bá kan àjíǹde òkú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ṣàkíyèsí, ó wá sílé. Ó ní, "Màmá, ẹ ti jẹ́wọ́, Ọlọ́run ti dárí jì yín. It's settled."

Màmá Àgbà ní, "Pásítọ̀, Ọlọ́run ti gbọ́, mo gbà. Jòsáyà ni kò tíì gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu mi."

Mo ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹnu ni àwọn fi ṣépè, ẹnu ni àwọn máa fi tú u. Ìgbà tí Alhaji Mùfú sọ pé òun ń lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n gbé rẹ́díò wá sórí àga. Ẹsẹ̀ wọn ti wú nígbà yẹn, àìsàn ọkàn tó padà gbé wọn lọ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúnkún kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pariwo. "Màmá, àbúrò yín ni! You can't kneel for your younger brother!"

Wọ́n ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Tẹ bọ́tìnnì."

Wọ́n ní, "Jòsáyà, èmi Dọ́káàsì ni mo kúnlẹ̀ yìí. O parọ́ fún mi, ó dùn mí dé egungun, mo dárí rẹ̀ jì ọ́. Mo ṣépè fún ọ, mo jẹ̀bi, dárí rẹ̀ jì mí. Ohùn tó gbé e lé ọ lórí náà nìyí, òun ló ń gbé e kúrò. Ohùn rẹ kò ní kú. Bó o bá pè, wọ́n á gbọ́." Kásẹ́ẹ̀tì náà tán níbẹ̀, bọ́tìnnì ta sókè. Mi ò tíì ṣe àmín. Mo ní ká yí ojú kejì, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n, ojú wọn ti rẹ̀ dòdò, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Alhaji gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ìka méjì mú un. "Màmá, ẹ má bínú o, no offense. Ṣé kò sí èpè nínú eléyìí?"

"Bó o bá fẹ́, gbọ́ ọ nínú mọ́tò rẹ."

Ojú tì í. Ó fi í sí àpò àyà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dúró. Màmá Àgbà wọ họ́sípítù, wọ́n jáde, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn ní pálọ̀. Fóònù dún lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, Mọ́mì gbé e. Mo rí i bí èjìká Mọ́mì ṣe wálẹ̀. Alhaji ló pè láti ìgboro. Jòsáyà ti kú. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin wọ́n ni Alhaji dé ìlú náà.

Mọ́mì fà mí wọ ilé ìdáná. "Mojí, we can't tell her. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó máa já wọn láyà."

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé ká tún ṣe é ni? The same exact thing?"

"Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Màmá Àgbà pè láti pálọ̀, "Ta ló wà lórí fóònù yẹn?" Èmi ni mo jáde lọ. Èmi tí mo ń ṣe bí olódodo nísinsìnyí ni mo lanu tí mo ní, "Ilé ni, Màmá. Kásẹ́ẹ̀tì ti dé. Bàbá Jòsáyà ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń kí yín."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Ó ṣeun."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, ohùn mi ti há. Mọ́mì wo ẹnu mi, wọ́n ní òtútù lásán ni, half the hospital has it. Mo fi omi gbígbóná oníyọ̀ fọ ọ̀fun títí, kò lọ. Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo rántí pé ẹnu tó bá kíni lórúkọ òkú ni èpè náà mú, èmi náà sì ti kí wọn lórúkọ òkú. Àmín rẹ̀ sì wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ṣe é.

Alhaji dé, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti fún mi ní àpò ọ̀rá kan, kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ti èpè àti ti ìdáríjì, wà nínú rẹ̀. Ó ní ìyàwó Jòsáyà ló ní kí òun dá wọn padà. Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Mi ò tíì gbọ́ ìkankan.

Ọjọ́ mẹ́ta kí Màmá Àgbà tó lọ, Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n ní, "Gbólóhùn tó o sọ fún mi lọ́jọ́ Tuesday yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí. 'Wọ́n ń kí yín.' Bí ohùn rẹ ṣe wálẹ̀ níparí, bẹ́ẹ̀ ni ti Jòsáyà náà wálẹ̀. Ìgbà náà ni mi ò fura."

Orúnkún mi kanlẹ̀. Mo gbìyànjú láti bẹ̀ wọ́n, ohùn kò jáde dáadáa. "Màmá, I'm sorry. Ẹ má bínú."

"Ó kú?"

"Wọ́n ti kú, Màmá."

"Ó gbọ́ ọ?"

"Wọn ò gbọ́ ọ."

Wọ́n pa ojú dé. Mo rò pé ohun tí Mọ́mì ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ọwọ́ wọn ń bọ̀. Wọ́n gbé e lé ọ̀fun mi, ó tutù, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ ohun tí ẹnu wọn lè ṣe.

"Kí ló mú ọ parọ́?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ kú."

"Hẹn. Jòsáyà náà ò fẹ́ kí n kú. Ìfẹ́ ni ọmọ yẹn fi parọ́ fún mi, mo sì fi èpè san án fún un." Omi bọ́ lójú wọn, wọn kò nù ún. "Irọ́ tó o pa, mo dárí rẹ̀ jì ọ́. Ti ìyá rẹ náà, mo dárí rẹ̀ jì í, sọ fún un. Ẹ má sì fi kásẹ́ẹ̀tì rán ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ tí mo rán sí Jòsáyà, èmi fúnra mi ni mo ń lọ jẹ́ ẹ."

Wọ́n bi mí bóyá oòrùn ṣì wà. Mo wo ojú fèrèsé. Mo ní ó ṣì kù díẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, mo sì ń bá wọn kà á pẹ̀lú ohùn mi tó há. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí ẹnu wọn máa ń pa dé, èmi ni mo dákẹ́. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ẹrù sọ̀: "Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀."

Nígbà tí a kà á tán, ọwọ́ wọn ṣì wà ní ọ̀fun mi. Wọ́n ní, "Mojí, ohùn rẹ kò ní kú. Bó o bá pè, wọ́n á gbọ́."

Mo gbọ́ àdúrà náà tán ná. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àmín.